Kíláàsì Ewì Inú Pálọ̀ Wa

Ilé wa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ tó jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ti ń rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà? Ṣé òtútù ọ̀hún yẹn kò tíì wọ inú eegun yín? Kí Ọlọ́run fi ara líle jíǹkí yín, kí ìwé yìí sì bá yín nínú ayọ̀. Àwa náà wà. A ń jí, a ń sùn, a sì tún ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn gan-an ló gbé mi jókòó ti tábìlì lónìí.

O ní kí n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí mo ṣe ń ṣe lórí fóònù. Òótọ́ lo sọ. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, màá ti fẹ́ sunkún, màá wá sáré sọ pé gbogbo nǹkan ti dára, màá sì pa fóònù. Ìwé kì í gbọ́ ẹkún. Mo lè nu ojú mi, kí n mu omi, kí n tún mú bírò.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń múra lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kíláàsì ewì Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, kí a tó bí ọ ni, síbẹ̀ ṣe ni wọ́n máa ń fá irùngbọ̀n bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń de okùn bàtà, wọ́n sì ń ka ewì tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ara wọn. Mo wà ní kíṣìnì. Mo kàn gbọ́ tí ohùn yẹn dúró lójijì, bí ìgbà tí iná bá lọ tí rédíò dákẹ́. Nígbà tí n ó fi wọlé, okùn bàtà ṣì wà lọ́wọ́ òsì wọn, apá ọ̀tún ti rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹnu sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agbẹ̀bí ni mí, mo ti rí ojú ikú, mo ti rí ojú ìyè, ṣùgbọ́n ti ẹni ni ti ẹni. Igbe tí mo ké, àwọn ará òkè ló sáré sọ̀kalẹ̀. Káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló da pákó inú ọkọ̀ rẹ̀ nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó fi gbé wa dé ilé ìwòsàn. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn dákú sí ojú ọ̀nà láéláé.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dínà nínú ọpọlọ. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe, bàbá rẹ sì yè é. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò pẹ̀lú ọ̀pá, apá ọ̀tún náà ń gbìyànjú, àmọ́ ohùn kọ̀, kò bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí wọn lẹ́nu: “Ilẹ̀kùn.” Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, ilẹ̀kùn. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro wọ́n, ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n wá jókòó ti àwọn, ilẹ̀kùn. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ṣí ilẹ̀kùn, kí n máa tì í lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tilẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó da epo sí irin tó gbé ilẹ̀kùn yàrá ró, ó rò pé bó ṣe ń han ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bàbá rẹ á wò wá, wọ́n á mi orí, omi á sì lé ròrò sí wọn lójú. Ọmọ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ ni o. Ẹni tó máa ń fi ọ̀rọ̀ bẹ̀ mí títí inú mi á fi rọ̀, kí n tó rántí pé ẹjọ́ mi ni mo jàre.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu wọn bí wọ́n á ṣe tún sọ̀rọ̀. Onísùúrù ni àwọn aláìsàn ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu bí ẹ̀wù àrán. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé: “Màmá, ọ̀rọ̀ kò kú o. Ọ̀nà tó máa gbà jáde ni kò rí.” Ó ní ibi tí orin ń gbé nínú orí yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lè kọ orin, pé èdè tiwa yìí pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kò ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Á fi ìka kan tábìlì, á kùn ún nímú bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, “omi,” láì la ẹnu, bàbá rẹ á kùn ún tẹ̀ lé e. Wọ́n á tún un ṣe títí ètè á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ tí “omi” já bọ́ lẹ́nu wọn, bí ẹni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú oorun, mo jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn débi tí nọ́ọ̀sì kan fi dì mí mú.

Ṣùgbọ́n ilé ló ṣòro. Nílé, bàbá rẹ á kan dojú kọ ògiri. Ìgbà náà ni ìwọ pè tí o sọ pé, “Màmá, ẹ ka ewì wọn fún wọn. Àwọn ewì Amẹ́ríkà yẹn, oúnjẹ wọn ni.” Mo bá ọ jiyàn, mo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tèmi, èyí tí mo fi ń kọ káàdì aláboyún ni, kò tó ti ewì. O ní kí n ṣáà máa kà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìwé náà láti orí pẹpẹ, mo jókòó ti fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti pápá tó lọ salalu tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, ti ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè kọjá, ti ọkùnrin tó ń dá rìn létí òkun. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá mọ̀, mo ń fò ó bí ẹni ń fo ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ojú sókè, mo ní, “Tíṣà mi, ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kò ní ẹbí ni, tí gbogbo wọn fi ń dá rìn kiri?” Bàbá rẹ yíjú kúrò lára ògiri, wọ́n wò mí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan gbéra díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pẹ́ kí n tó gbé ìwé, ọ̀pá ni wọ́n máa fi ń gbá ilẹ̀ pè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Ìmọ̀ràn yẹn ṣe ohun tí oògùn kò ṣe.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò gbàgbé wọn, àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè dúró. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn fúnra rẹ̀ wá sílé, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí àga ń jó nídìí, ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu: ní òpin ọdún ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n á wá wò ó bóyá bàbá rẹ lè dúró níwájú kíláàsì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lọ sinmi. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, n kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá rẹ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ sinmi nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n ni ìsinmi rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ní kó di kíláàsì náà mú ni Onígíláàsì, olùkọ́ kékeré tí bàbá rẹ kọ́ láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí ó fi di olùkọ́, èyí tí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Bó bá gba àga yẹn tó jókòó, ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn wa ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga bàbá rẹ, ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, kíláàsì yín wà níta.” Mo yọjú. Àwọn ọmọ náà kún orí àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbá ìwé mọ́ àyà. Káfíńtà yá wa ní bẹ́ǹṣì. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ọ̀kan jókòó lórí àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì gbà fún un, ẹ̀yin tí mo bí kò jẹ́ dán an wò.

Bàbá rẹ wò wọ́n yíká, wọ́n sì sọ ọ̀kan tí wọ́n lè sọ. “Ilẹ̀kùn.” Mo ti fẹ́ dìde lọ tì í. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Alátakò nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kò ní takò, ló pariwo pé, “Ewì ọjọ́ yẹn ni! Ilẹ̀kùn wà nínú ewì tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa lọ́jọ́ tí wọn ò wá!” Bàbá rẹ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, wọ́n fi orí sọ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé ohun tí ń bẹ lẹ́nu wọn nígbà tí àìsàn náà dé ni, tó há sí ibẹ̀. Èmi tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ yìí!

Onígíláàsì ṣí ìwé, ó kà á. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ló kọ ọ́, ewì náà kò sì gùn. Obìnrin kan ń dá gbé nínú ilé kan lẹ́bàá pápá. Yìnyín ń bọ́ láti ojú ọ̀run, funfun bí òwú, irú èyí tí ìwọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́hùn-ún. Obìnrin yìí fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì. Yìnyín wọlé, ó bo ẹnu ọ̀nà, ó bo bàtà ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà kò gbá a. Kò dìde. Ibẹ̀ ló parí sí.

Wàá gbọ́ àríyànjiyàn! Ọmọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbà ìjọ ní ikú ni yìnyín náà, ó ní funfun rẹ̀ yẹn, aṣọ òkú ni, ilẹ̀kùn sì ni ẹnu sàréè. Alátakò ní irọ́ ni, ó ní nínú ewì àwọn ará Amẹ́ríkà, ojú ọ̀nà àti gbangba ilẹ̀ kì í ṣe ikú, òmìnira ni, obìnrin náà fẹ́ kí ó dá òun lójú pé òun lè jáde nígbà tó bá wu òun. Onígíláàsì ní kí wọ́n má fo bàtà. Ta ló ni bàtà? Ibo ló lọ? Ó ní kókó ewì náà ni ìfẹ́ tí kò gbà pé ẹni tó lọ ti lọ. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lu ara wọn, bàbá rẹ ń yí ojú láti ọ̀dọ̀ eléyìí sí ọ̀dọ̀ tọ̀hún bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ni Alátakò bá yíjú sí mi. “Màmá, kí lẹ̀yin rí sí i?”

Kí ni n ó sọ? Mo ní, “Èmi ò rí ikú, n ò rí òmìnira. Omi ló wọ pákó ilẹ̀kùn yẹn, ó ti wú, kò ṣeé tì mọ́. Kó tètè pe káfíńtà.”

Ọmọ mi, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu o. Ẹ̀rín wọn gan-an ni, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, tí èjìká á máa mì, tí omi á jáde lójú. Mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn kan ti ń fi ọwọ́ ẹ̀wù nujú.

Bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń rọlẹ̀ ni wọ́n gbé ìka sí apá àga. Wọ́n kàn án. Wọ́n ń kùn ún nímú bí Onísùúrù ṣe kọ́ wọn: òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Wọ́n tún un ṣe. Òógùn bo iwájú orí wọn. Èmi tí mo ti dúró ti àwọn obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń wò. Ọ̀rọ̀ ń rọbí. Onígíláàsì fẹ́ bá wọn sọ ọ́, mo dì í lọ́wọ́ mú. A kì í fa ọmọ jáde ṣáájú àkókò. Òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ó sì bọ́.

“Ó ṣì ṣí.”

Wọ́n tún un sọ, ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Ó ṣì ṣí.” Alátakò ló kọ́kọ́ yé. Ó ní gbogbo wa ń wá ohun tó parí nínú ewì náà, ẹni tó kú, ẹni tó lọ, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán tí ewì fi síwájú wa ni ilẹ̀kùn tí kò tíì tì. Kò tíì parí. Ohunkóhun ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé. Kò tako ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn wo ojú bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi bàbá rẹ léèrè pé ṣé obìnrin inú ewì ni wọ́n ń sọ ni, àbí ara wọn. Wọ́n na ìka ọwọ́ òsì sí ìwé, wọ́n sì fi kan àyà wọn.

N kò ní tàn ọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wá ń ṣàn láti ọjọ́ náà. Ó ń kán tó, tó. Wọ́n máa ń bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ju ife mọ́ ògiri nítorí pé “súgà” kò wá, lánàá sì ni wọ́n pè mí ní “kẹ̀kẹ́” tìfẹ́tìfẹ́, mo sì jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ń wá, Onísùúrù pàápàá wá jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ òun ń lọ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Onígíláàsì àti ẹ̀gbọ́n rẹ ló mú wọn gun àtẹ̀gùn. Èmi jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́bàá mi, obìnrin kan tó le lójú ni olórí wọn. Onígíláàsì ka ewì kan tí èmi kò tíì gbọ́ rí, ti ọkùnrin kan tó gbé àkàbà ti igi èso ní òpin ìkórè, tó gùn ún dé àárín, tó dúró síbẹ̀. Bàbá rẹ fi ara ti tábìlì. Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ kan, wọ́n ní, “Kí lo rí?” Ọmọ náà sọ tirẹ̀. Bàbá rẹ rò ó, wọ́n mi orí díẹ̀, wọ́n ní, “Tún wò ó.” Wọ́n na ọwọ́ sí òmíràn. “Kí lo rí?” Ọmọ mi, ohun tí wọ́n ní ní ẹnu kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ kíláàsì náà gbóná. Ẹni tó ní èso tó kù lókè ni ohun tí a kò rí gbà láyé, ẹni tó ní rárá, ọkùnrin náà ti yó, ìsinmi ló ń wá. Bàbá rẹ ń darí wọn bí ẹni ń darí ọkọ̀, ojú nìkan, ìka nìkan.

Mo gbọ́ tí àga dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin olórí ìgbìmọ̀ ti na ọwọ́ sókè. Ó ti gbàgbé iṣẹ́ tó gbé e wá. Bàbá rẹ rí i, wọ́n sì na ọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń na án sí àwọn yòókù. “Kí lo rí?” Obìnrin náà dìde dúró bí ọmọ iléèwé, ó ní, “Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀kalẹ̀, sà.” Bàbá rẹ rò ó pẹ́. Ojú wọn wá tàn. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ó dáa gan-an.” Ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì rí sọ rí nìyẹn láti ìgbà àìsàn. Onísùúrù kò kọ́ wọn.

Ìgbìmọ̀ fi kíláàsì náà sílẹ̀ fún wọn. Onígíláàsì á máa bá wọn kọ́ ọ, wọn yóò máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tó kù ti bọ́ lọ́rùn wọn. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ sùn bí ọmọ ọwọ́, bàtà wà lẹ́sẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, ọpẹ́ sì kún mi lọ́kàn títí n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo tí mo fi jẹ́ aya olùkọ́ ewì, n kò jókòó nínú kíláàsì wọn rí. Èmi ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìkúnlẹ̀, àwọn ń tú àlọ́ àwọn ará òkèèrè. Ní báyìí, mo ní ìjókòó tèmi ní ìlà ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó fún ọ ní ọgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn má gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ náà yóò rí ẹni tí yóò dúró tì ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí ilẹ̀ dídì. Iṣẹ́ rẹ ní ilé ìkàwé yẹn yóò gbé ọ ga, ọkọ rẹ kò ní fi ojú sunkún rẹ, ìwọ náà kò ní fi ojú sunkún rẹ̀. Ojú wa yóò rí ara wa láìpẹ́, láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì tún di ọmọ kíláàsì bàbá rẹ ní ọjọ́ alẹ́.

Àfikún: Bàbá rẹ ti jí. Wọ́n ní kí n bi ọ́ léèrè nǹkan kan, ó sì gbà wá ní àkókò kí ó tó yé mi. Àwọn àti Alátakò ń jiyàn: yìnyín, nígbà tó bá ń bọ́, ṣé ó máa ń dún ni, àbí kì í dún? Wọ́n ní kí o má wò ó nínú ìwé. Kí o jáde síta lọ gbọ́. Èmi ní tèmi, mo ní bí o bá máa jáde, kí o de orí rẹ.